Dróònù ọlọ́pàá ní ìlú tẹ́ ẹ̀ ń gbé l'Amẹ́ríkà: òfin wo ló yẹ ká bá wọn béèrè?

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ dróònù ti dé àdúgbò yín o. Bí ọlọ́pàá ìlú yín ò bá tíì ní in, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa múra àtirà á, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé sítì káńsù ní kọ̀rọ̀ kan báyìí, láàárín owó títún títì ṣe àti owó mọ́tò panápaná, níbi tójú ẹnikẹ́ni ò ní tètè dé. Ọ̀pọ̀ wa tó bá tiẹ̀ gbọ́, ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé ṣé kí wọ́n rà á àbí kí wọ́n má rà á. Ìbéèrè yẹn kéré jù. Láti 2013 títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ìlú àti ìpínlẹ̀ ti gbà mú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó ń náni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ń jáni kulẹ̀, mo wá kó wọn jọ síbí kẹ́ni tó bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lè mọ èyí tó máa bá wọn béèrè.

Kẹ́nikẹ́ni má kàn jókòó pé kọ́ọ̀tù àpapọ̀ á dáàbò bo ẹ̀yìnkùlé òun. Ní 1986, nínú ẹjọ́ California v. Ciraolo, ọkùnrin kan ti ṣe ọgbà gíga méjì yí ilé ẹ̀ ká, ọlọ́pàá ò rí inú ẹ̀ látilẹ̀, ni wọ́n bá gbé bàálù lọ sókè ibẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000, wọ́n sì rí igbó tó gbìn síbẹ̀. Supreme Court ní kò sóhun tó burú ńbẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàálù kọjá lè bojú wolẹ̀ kó rí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nínú Florida v. Riley, hẹlikópítà ni, ẹsẹ̀ bàtà 400 péré, ibi kan náà lẹjọ́ já sí. Ẹ wá wo dróònù tí kì í pariwo tó hẹlikópítà, tówó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti hẹlikópítà. Lóòótọ́ kọ́ọ̀tù àgbà Alaska sọ ní 2024 pé kí ọlọ́pàá tó gbé kámẹ́rà tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra wọ bàálù láti fi wo àyíká ilé èèyàn, kó kọ́kọ́ gba wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ adájọ́, àmọ́ ìwé òfin ìpínlẹ̀ Alaska fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi dá ẹjọ́ yẹn, kò ran ẹni tó ń gbé Houston lọ́wọ́. Nítorí náà, òfin ìlú àti òfin ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ni mo kọ́kọ́ wò, kì í sì í ṣe owó dróònù nìkan, ẹ fi owó àwọn tó ń wà á kún un, owó ibi tí wọ́n ń tọ́jú fídíò sí, owó lọ́yà nígbà tẹ́nì kan bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ má gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá fún yín o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bodè Amẹ́ríkà, ìyẹn CBP, sọ pé wákàtí kan tí dróònù Predator àwọn bá fi wà lófuurufú ò ju 2,468 dọ́là lọ, ìgbà tí ọ́físì olùyẹ̀wò àgbà Homeland Security, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, máa fi ṣírò ẹ̀ ní ìparí 2014, 12,255 dọ́là ló bá níbẹ̀, torí CBP ò ka owó àwọn awakọ̀ àti ti àwọn irinṣẹ́ mọ́ ọn rárá. Ẹ gbọ́, ìlọ́po márùn-ún!

Ìkejì, ṣé òfin náà á lè dúró lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, lọ́jọ́ ìwọ́de, lọ́jọ́ tẹ́nì kan yìnbọn láàárín èrò. Ìkẹta ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù: ṣé ẹnì kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá lè rí àkọsílẹ̀ ibi tí dróònù fò lọ, ìdí tó fi lọ, àti ohun tó yà? Torí kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara ẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́: "a ò fẹ́"

Seattle ló ṣe èyí táyé gbọ́. Ọlọ́pàá ibẹ̀ fi owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, bí 82,000 dọ́là, ra dróònù Draganflyer méjì, wọn ò sọ fáráàlú. Ìgbà tí EFF, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pe FAA, ìyẹn àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́jọ́, tí wọ́n sì tú orúkọ àwọn tó gbàṣẹ dróònù síta ní 2012 ni orúkọ Seattle jáde. Aráàlú fariga, wọ́n lọ pariwo ní ìpàdé, nígbà tó máa fi di February 2013 méyọ̀ Mike McGinn ní kí wọ́n dá ẹrù náà padà fún ẹni tó tà á.

Tá a bá ń sọ ti owó, kò sí èyí tó rọjú tó èyí. Tá a bá ń sọ ti àkọsílẹ̀, kò sídìí fún un, ohun tí kò fò kò ní ibi tó lọ. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Ẹrù tí Seattle ní òun ò fẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Los Angeles ló bọ́ sí ní 2014. Ìyẹn náà tì í mọ́lé torí aráàlú tún pariwo, nígbà tó di 2017 ìgbìmọ̀ tó ń darí ọlọ́pàá L.A. fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dán dróònù wò. Ìpínlẹ̀ Virginia náà dá a dúró fọ́dún méjì ní 2013, nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n gbé òfin wáráǹtì rọ́pò ẹ̀. "Rárá" tí kò bá sí òfin lẹ́yìn ẹ̀, èèyàn kan ló máa ń sọ ọ́, ẹlòmíì sì máa dé orí àga tó bá yá. Ẹ má sì gbàgbé pé lọ́jọ́ tí ìyá àgbà tí iyè ẹ̀ ò já geere mọ́ bá jáde nílé lóru tí wọn ò rí i, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè pé dróònù dà.

Ìkejì: "ẹ lọ gba wáráǹtì wá"

Florida wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, gómìnà Rick Scott fọwọ́ sí i ní April 2013. Ohun tó sọ ni pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ fi dróònù kó ẹ̀rí jọ láìsí wáráǹtì, àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tí ẹnì kan bá sọnù, tí ẹni tí wọ́n ń wá bá fẹ́ sá lọ, tàbí tí ọ̀gá Homeland Security bá sọ pé ewu akópayàbáni wà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé ó léyín: ẹ̀rí tí wọ́n bá kó lọ́nà àìtọ́, kọ́ọ̀tù ò ní gbà á, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Illinois náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ó tún fi kún un pé ohun tí dróònù bá yà gbọ́dọ̀ di píparẹ́ láàárín ọjọ́ 30 tí kò bá ti sí ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn nínú ẹ̀, àti pé kí àwọn ọlọ́pàá máa fi iye dróònù tí wọ́n ní ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún.

Ti owó, òun náà ò wọ́n, torí ọlọ́pàá ló máa wàhálà láti lọ bá adájọ́. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe tí nǹkan bá le. Ní 2021 Florida là á sí i pé tí èrò bá ti tó 50, wọ́n lè fi dróònù wò wọ́n látòkè. Àádọ́ta péré, ìsọmọlórúkọ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ní Illinois, lẹ́yìn tẹ́nì kan yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ July 4 ní Highland Park ní 2022, wọ́n ṣí òfin náà sílẹ̀ ní 2023 kí dróònù lè máa ṣọ́ ibi ayẹyẹ ìta gbangba, wọ́n sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà. Èmi ò bínú sí ti Illinois yẹn, ìdí wà fún un, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà sì mọ́ níwọ̀n. Mo kàn ń sọ fún yín pé ojú ihò tó wà nínú òfin wáráǹtì kì í dí, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀ sí i.

Àìlera ẹ̀ tó burú jù ni ti àkọsílẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá fò láìgba wáráǹtì, tí kò sì gbé ohun tó rí lọ sí kọ́ọ̀tù, ta ló máa mọ̀? Ẹni tí wọ́n wò ò mọ̀ pé wọ́n wo òun, lọ́yà ò sì lè gba ẹjọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun lẹ́jọ́.

Ìkẹta: "ẹ kọ́kọ́ wá gbàṣẹ lọ́dọ̀ wa"

Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Oakland ní California ló là á kalẹ̀ dáadáa. Ìlú yẹn ti kọ́kọ́ jà lórí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ kọ́, ìjà yẹn ló bí ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn ní 2016, nígbà tó di 2018 wọ́n ṣòfin pé ohunkóhun tí ọlọ́pàá bá fẹ́ fi máa ṣọ́ èèyàn, dróònù o, kámẹ́rà o, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ḿbà mọ́tò o, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ewu tó wà níbẹ̀, iye tó máa náni, kí wọ́n gbé e wá fún ìgbìmọ̀ aráàlú, lẹ́yìn náà kí káńsù dìbò lé e lórí ní gbangba. Lọ́dọọdún wọ́n á tún wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lò ó. Ìpínlẹ̀ California lódindi wá gbé òfin AB 481 jáde ní 2021, tó ka dróònù mọ́ irinṣẹ́ ológun, tó sì ní kí káńsù dìbò ní gbangba kí ọlọ́pàá tó lè rà á tàbí lò ó, kí ìròyìn máa jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n sì pe aráàlú sí ìpàdé lórí ìròyìn yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, ẹ lọ gbà á.

Kì í ṣe pé kò níná o. Òṣìṣẹ́ ló máa kọ ìròyìn yẹn, ìpàdé máa ń gùn, ọlọ́pàá á máa ráhùn pé ìwé ń pa àwọn. Ní San Francisco, ìráhùn yẹn ló di ìbò: ní March 2024 àwọn ará ìlú dìbò fún Prop E, àbá òfin kan tó tú okùn lọ́rùn ọlọ́pàá díẹ̀ lórí dróònù àti àwọn kámẹ́rà míì. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó fẹ́ kéèyàn máa wá sípàdé. Ìlú tí ẹni mẹ́ta péré bá ń wá, káńsù á kàn máa gbé ọwọ́ sókè ni.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú ẹ̀. New York ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní POST Act, láti 2020, tó ní kí NYPD, ìyẹn ọlọ́pàá ìlú náà, tẹ ìlànà bí wọ́n ṣe ń lo àwọn irinṣẹ́ wọn jáde. Ó dà bí ti Oakland tẹ́ ẹ bá kà á kíá, àmọ́ kò sí ìbò ńbẹ̀, káńsù ò lágbára láti sọ pé rárá, kí wọ́n ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí J'ouvert, ọdún àwọn ará Caribbean ní Brooklyn, sún mọ́lé ní September 2023, ọlọ́pàá kàn kéde pé tẹ́nì kan bá pè pé aládùúgbò òun ń ṣe pátí ńlá lẹ́yìnkùlé, àwọn á rán dróònù lọ wò ó. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú pariwo pé kò bá òfin mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń se ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, ẹ ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Ìkẹrin: "ẹ wá wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì"

Èyí ló ń tàn jù lásìkò yìí torí ó dùn ún wò. Chula Vista, nítòsí bodè Mexico, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní October 2018. Dróònù wà lórí òrùlé ọ́físì ọlọ́pàá, ẹnì kan pe 911, ọlọ́pàá tó jókòó síwájú síkírínì gbọ́ ìpè náà, ó rán dróònù jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń ṣáájú mọ́tò débẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n pè pé ọkùnrin kan ń ju ìbọn kiri lọ́wọ́, dróònù débẹ̀, wọ́n wò ó dáadáa, ìṣáná láítà tí wọ́n fi ń tan sìgá ni. Ẹ rò ó wò ká ní ọlọ́pàá méjì tí àyà ń já ló kọ́kọ́ débẹ̀, pàápàá tí ọkùnrin náà bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Mi ò ní purọ́, ìtàn yẹn mú mi ronú, ẹni tó bá ní dróònù ò wúlò rárá, kó wá dáhùn ìyẹn.

Ìlú náà sì ń tẹ gbogbo ìfò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkókò, ibi tó lọ, ìdí tó fi lọ. Ó wù èèyàn. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ rí lẹ̀ ń rí yẹn. Nígbà tí oníwèé ìròyìn kan níbẹ̀, Arturo Castañares, béèrè ní 2021 fún fídíò oṣù kan péré, ìlú ní rárá, kò sí èyí tó máa rí nínú ẹ̀, pé ìwádìí ọlọ́pàá ni gbogbo ẹ̀. Kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ìlú. December 2023 ni kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé ìyẹn ò ṣeé ṣe, pé kì í ṣe gbogbo fídíò ni ìwádìí, dróònù tí wọ́n rán lọ wo ẹni tí mọ́tò ẹ̀ kú sójú ọ̀nà, ìwádìí ìwà ọ̀daràn wo ló wà níbẹ̀? Kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ju ọdún méjì lọ kí ẹnì kan tó gba ìdáhùn yẹn, gbogbo asìkò yẹn ni ojú-ìwé aláràbarà wọn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dán. Ìwé ìròyìn WIRED náà gbé ìfò wọn yẹ̀ wò ní 2024, wọ́n rí i pé àdúgbò àwọn tálákà ni dróònù ń gba orí ẹ̀ kọjá jù, kámẹ́rà ẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tó bá ti gbéra.

Owó ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí èèyàn gbọ́dọ̀ máa jókòó síwájú síkírínì lójoojúmọ́.

Ìlú tí kò yan nǹkan kan

Baltimore ni. Wọn ò lo dróònù, bàálù kékeré ni, awakọ̀ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀. Ní 2016 ilé-iṣẹ́ àdáni kan fi bàálù ya fọ́tò ìlú náà fún ọlọ́pàá, owó ọlọ́rẹ kan láti Texas ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà kò gba inú bọ́jẹ́ẹ̀tì kọjá, aráàlú ò sì gbọ́ títí oníròyìn fi tú u ní August. Nígbà tó di 2020 wọ́n tún padà wá, ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí, fún oṣù mẹ́fà. Èèyàn ò ju àmì bíńtín kan lọ nínú fọ́tò yẹn, kò sójú, kò sí àwọ̀, wọ́n ní kí wá ló burú níbẹ̀. Àmọ́ àmì yẹn, tẹ́ ẹ bá tọ ipasẹ̀ ẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ máa bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé tó ti jáde láàárọ̀. Ní June 2021 àwọn adájọ́ Fourth Circuit, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àgbègbè yẹn, mẹ́jọ sí méje, sọ pé ó ta ko ìwé òfin ilẹ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo ló là á o. Ẹ̀yin ará Maryland, àgbègbè kọ́ọ̀tù yín nìyẹn, ìdájọ́ yẹn wà fún yín.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó mú ìjọba àpapọ̀. Dróònù Predator CBP yí Minneapolis ká nígbà ìwọ́de George Floyd ní May 2020, wọ́n tún fò lókè Los Angeles ní June 2025 nígbà ìwọ́de lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣí wá, láìka gbogbo AB 481 tí California ní sí. Sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ yín ní Washington lẹ máa bá sọ ìyẹn.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá jẹ́ ìlú kékeré lẹ̀ ń gbé, tí ọlọ́pàá ibẹ̀ ò tó nǹkan, tẹ́ni kankan ò tíì fi ẹ̀rí hàn pé dróònù ṣe pàtàkì, "a ò fẹ́" ti tó, àmọ́ ẹ jẹ́ kí káńsù dìbò ẹ̀ kó di òfin ìlú, ẹ má fi mọ sórí ẹnu méyọ̀.

Tó bá jẹ́ pé káńsù yín ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, tí ọlọ́pàá ìlú lágbára jù wọ́n lọ, ẹ bọ́ sí ìpínlẹ̀, ẹ béèrè òfin wáráǹtì bíi ti Illinois, tòun ti ọjọ́ 30 yẹn. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n á jẹ́ kó ṣòro fún wọn láti lò ó mọ́ yín ní kọ́ọ̀tù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ńlá, tí ọlọ́pàá ibẹ̀ ti ní dróònù nílẹ̀, èmi á sọ pé ẹ mú ti Oakland, kẹ́ ẹ sì so ti wáráǹtì mọ́ ọn tí agbára yín bá ká a. Òun nìkan ló fún ẹni tó wà níta lágbára láti sọ pé rárá, tó sì tún fi ìwé sí i lọ́wọ́.

Tí wọ́n bá gbé irú ti Chula Vista wá bá yín, ẹ má lé wọn, ìtàn láítà yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó dìbò: ọjọ́ mélòó lẹ máa fi tọ́jú fídíò? Ta ló lè béèrè fún un, ọjọ́ mélòó lẹ sì fi máa dáhùn? Ṣé kámẹ́rà á máa yàwòrán láàárín ọ̀nà, àbí ìgbà tó bá débẹ̀? Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín, ṣé òun náà ń rí ohun tí dróònù rí? Tí wọn ò bá ní ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí káńsù sún ìbò náà síwájú.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tí kò lè dìbò, lè dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé káńsù, wọ́n sábà máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ní California, òfin ò gbà wọ́n láyè láti fi dandan mú yín kọ orúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.